Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálúsì àti Àrùn Fòníkú-Fọ̀ladìde

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fojú inú wo ọmọ méjì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nígbà tí egungun bá ń ro ọ̀kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó padà sí ilé-ìwé. Èkejì ń sáré, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni àrùn náà ń dá a dùbúlẹ̀. Kí ni ó fa ìyàtọ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálúsì, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Kẹ́mísírì ni ó kọ́kọ́ kọ́ kí ó tó yà sí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Àwọn ohun pupa kéékèèké kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n rí róbótó bí ẹyọ kọ́bọ̀. Àwọn ni wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú kiri ara. Bí baba àti ìyá bá jẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ tí ó jẹ́ SS. Nínú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn róbótó wọ̀nyí a máa tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé. Wọn a há sínú iṣan, ìrora a sì dé. Wọn a tún máa tètè fọ́, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kì í tó. Láyé àtijọ́, àbíkú ni àwọn ènìyàn ń pe púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n a sọ wọ́n ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé. Ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀run.

Ní ọdún 1987, Fálúsì àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà wò, wọ́n sì rí i pé àwọn kan tún jogún àbùdá mìíràn tí à ń pè ní alpha-thalassaemia pọ̀ mọ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ní méjèèjì kì í tètè fọ́ tó ti àwọn yòókù. Èyí kò wò ó sàn o. Ìrora ṣì lè dé.

Bí télọ̀ bá rán yúnífọ́ọ̀mù ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo kíláàsì yín, ẹ mọ ohun tí ojú yóò rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́jú. Dókítà tí ó mọ ohun tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan jogún lè tọ́jú rẹ̀ bí ara tirẹ̀ ti fẹ́.

Fálúsì di olùdarí ilé ìwádìí ìṣègùn IMRAT ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 2001, obìnrin márùn-ún péré ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO ti àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní gbogbo àgbáyé. Òun ni wọ́n yàn láti Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn tí wọ́n ní àrùn náà àti àwọn ẹbí wọn.