Igi oníhò tí wọ́n gé yẹn, ilé àwọn kan ni

Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀lé àbúrò bàbá mi lọ sí igbó ọba kan lápá Ìjẹ̀bú. Lagilagi ni Bàbá Ìbejì, iṣẹ́ gẹdú ni wọ́n fi rán èmi náà níléèwé. Kí n má parọ́, fídíò ni mo fẹ́ lọ yà, kí n gbé e sórí Instagram. Wọ́n gé igi ńlá kan, ó wó lulẹ̀ gbìì. Àṣé inú rẹ̀ ti dihò. Pákó kan ò lè jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kí wọ́n tó mọ̀.

Ni àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké bá ń rọ́ jáde. Mo ju fóònù, mo sá.

"Kí lò ń sá fún?" Bàbá Ìbejì ń rẹ́rìn-ín. "Oyin ni, wọn kì í ta èèyàn."

Oyin tí kì í ta èèyàn kẹ̀? Èmi tí wọ́n bí sí Mushin, oríṣi oyin kan péré ni mo mọ̀, èyí tí wọ́n ń rọ oyin rẹ̀ sínú ìgò tà ní góòsìló. Nígbà tí mo padà délé ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa wọn. Oríṣi oyin tó wà láyé yìí lé ní 20,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní afárá, kò ní ọba, àdágbé ni wọ́n. Abo kọ̀ọ̀kan á gbẹ́ ihò tirẹ̀ sínú ilẹ̀ tàbí sínú igi gbígbẹ, á kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó síbẹ̀, á yé ẹyin lé e, á dí ihò náà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ lè ní kí ló kàn yín. Ọbẹ̀ yín ni. Òdòdó akọ ọ̀tọ̀, òdòdó abo ọ̀tọ̀ lára egúsí. Bí oyin ò bá gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara ọ̀kan dé ara èkejì, bàrà ò ní so. Ti tòmátì àti ìgbá tún le ju ìyẹn lọ. Inú ihò tóóró ni lẹ́búlẹ́bú tiwọn wà, àfi kí oyin di òdòdó náà mú kó sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kó tó lè jáde dáadáa. Oyin inú ìgò yẹn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Oyin dúdú gbàǹgbà tó ń gbẹ́ ihò sínú igi òrùlé màmá àgbà yín, òun ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gé igbó tán, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé "a ti gbin igi padà." A pàtẹ́wọ́, wọ́n fi dúróònù ya fọ́tò, ó parí. Ẹ wo igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Igbó tó tó 130,500 hẹ́kítà ni, UNESCO sì ti kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ ká dáàbò bò láti 1977. Láti bí ọdún 1966 ni ìjọba ti ń gé apá kan rẹ̀, tí wọ́n ń fi gmelina dípò, torí wọ́n fẹ́ fi ṣe bébà. Igi ni gmelina lóòótọ́. Ó tò lọ rẹrẹ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, ọjọ́ orí kan náà, gíga kan náà. Àmọ́ igi ọ̀dọ́ kì í ní ihò. Kí ihò tó wà nínú igi, ẹ̀ka ní láti kán, òjò á wọ ojú ọgbẹ́, olú á jẹ ẹ́, kòkòrò á gbẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni. Igi tí a gbìn láti gé, a ti gé e kó tó dàgbà débẹ̀.

Ohun kan yà mí lẹ́nu o. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí rí i pé oyin máa ń pọ̀ gan-an nínú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, torí oòrùn ti wọlé, òdòdó sì ti hù. Ìgbà tí igi tuntun bá pa orí dé ni oyin máa ń dín kù. Nítorí náà, gígé nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Tiwa náà jọ bẹ́ẹ̀ díẹ̀: tí wọ́n bá gé igbó, Akíntọ́lá ta kú á gba gbogbo ilẹ̀, tó bá sì so òdòdó lẹ́ẹ̀rùn, oyin á kún orí rẹ̀. (Ewé tí gbogbo àgbẹ̀ ń bú yìí, oyin ń jẹun níbẹ̀.) Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀tọ̀, ilé ọ̀tọ̀. Àwọn oyin kéékèèké inú igi oníhò yẹn ní ọba, tí ọba náà bá sì ti ń yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á wú débi pé kò lè fò mọ́. Tí igi bá wó, kò sí ibi tí yóò gbà. Èèrà á wọlé, ó tán nìyẹn.

Ohun tí mò ń béèrè kò tó nǹkan. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn àdá kan igi kí wọ́n tó gé e. Èyí tó bá dún kòròfo, kí wọ́n fi sílẹ̀, kò kúkú ní pákó nínú. Kí igi gbígbẹ dúró síbi tó dúró sí. Kí wọ́n má sun gbogbo àgékù. Kí etí odò máa jẹ́ ti iyeye, àkòko àti àwọn igi mìíràn tí wọ́n ń so òdòdó, kó má jẹ́ gmelina títí dé inú omi. Ìjọba tó ń gbowó lórí igi kọ̀ọ̀kan lè kọ èyí sínú ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún lagilagi.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Ìbejì. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, "Tí mo bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíì á wá gé e fi sun èédú." Mi ò rí èsì fọ̀, torí nígbà tí gáàsì gbówó lórí, èmi náà ra èédú.

Lọ́jọ́ yẹn ṣá, wọ́n fi ẹ̀rọ gé ibi tí oyin wà gan-an, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, wọ́n fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó wá ku ojú ihò tí àwọn oyin ń gbà wọlé. A so ó mọ́ ara igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ wọn, níbi tí òjìji wà. Mo pe Bàbá Ìbejì lọ́sẹ̀ tó kọjá láti béèrè. Wọ́n ní àwọn oyin náà ṣì ń wọlé, wọ́n ń jáde. Àmọ́ wọ́n ti kọ nọ́ńbà sára igi tí a so wọ́n mọ́.