Kí ẹ tó ra fíríìjì onílẹ̀kùn méjì, ẹ kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà ilé yín

Fíríìjì ńlá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pín sí méjì bíi ti wọ́dúróòbù, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní side-by-side, ti wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Apá òsì ni fírísà sábà máa ń wà, apá ọ̀tún ni a ń kó oúnjẹ tí a kò fẹ́ kó dì sí. Àwọn ọmọ ń rà á fún òbí wọn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ń fi owó àjẹmọ́nú rà á, àwọn ìyàwó ilé sì ń dá èsúsú nítorí rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré rárá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká sọ ohun tí ọlọ́jà kì í sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ irú fíríìjì yìí ló fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn bíi íǹṣì 36. Ó ga tó 175 sí 180, láti iwájú dé ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń tó 65 sí 75, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì nínú ọ̀pọ̀ ilé wa kò ju 75 tàbí 80 lọ, ilẹ̀kùn onírin tí a fi ń dènà olè sì tún ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò lè kọ iwájú wọlé nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n á fi gbé e wọlé, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì jìn jù, àfi kí wọ́n tú ilẹ̀kùn fíríìjì náà kúrò ná. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà bóyá èyí tí ẹ fẹ́ rà ṣeé tú bẹ́ẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn géètì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì má gbàgbé ibi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́ kọ́nà.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ fara ti ògiri, nítorí ooru tó ń lé jáde gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà lọ. Ẹ fi bíi 5 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí iye tí ìwé rẹ̀ bá sọ. Bí ẹ bá há a mọ́ igun, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kò ní ṣí tán, ẹ kò sì ní lè fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ jáde.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bó ṣe tóbi tó yìí, inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá apá fírísà. Ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹ fi ṣe ìnáwó, tàbí abọ́ ńlá tí ẹ kó ẹran sí, lè má wọ ibẹ̀. Ẹ wọn ẹnu ìkòkò tí ẹ ń lò jù kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹni tó jẹ́ pé odidi ìkòkò ló máa ń gbé sínú fíríìjì, èyí tí fírísà rẹ̀ wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ló máa bá a lára mu. Ti bàbá àti ìyá tí àwọn ọmọ ti kúrò lọ́dọ̀ wọn ńkọ́? Lóòótọ́, àǹfààní kan wà fún àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn: oúnjẹ ti òtútù àti ti yìnyín wà níbi tí ọwọ́ tó láìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn méjì fẹ́ kó kún inú ẹ̀rọ tó ń gba lítà 500 sí 600? Fírísà tó ṣófo kì í pẹ́ pàdánù òtútù rẹ̀ bí iná bá lọ. Lójú tèmi, lítà 250 sí 300 tó wọn.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má wulẹ̀ di èyí tí ẹ ń lò níbẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Iná ọ̀hún jẹ́ fólítì 120 àti hẹ́ẹ̀tìsì 60, tiwa jẹ́ fólítì 230 àti 50. Bí wọ́n bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa bẹ́ẹ̀, ó jóná nìyẹn. Fíríìjì àlòkù sì wà lára ẹrù tí ìjọba Nàìjíríà kò fọwọ́ sí kí wọ́n kó wọ̀lú. Ẹ tún wo lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀: T ni wọ́n ṣe fún ibi tí ooru lè dé 43°C, ST fún 38°C, ṣùgbọ́n N kò kọjá 32°C. Ẹ mọ bí kíṣìnnì wa ṣe ń gbóná tó.

Ní ti owó iná, ẹ wo iye yúnììtì tí wọ́n kọ pé ó ń jẹ lọ́dún, kí ẹ pín in sí 365. Èyí tó ń jẹ 400 lọ́dún ń jẹ díẹ̀ lé ní ẹyọ kan lójúmọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àjọ NERC gbé owó yúnììtì kan fún àwọn tó wà ní Band A láti náírà 68 sí 225, ìṣirò yìí kì í ṣe eré mọ́. Ẹ ra sítébíláísà tó lágbára tó mọ́ ọn. Ti ẹnu ìlẹ̀kùn tó ń pọn omi àti yìnyín jáde, òmíràn nínú wọn ń fẹ́ páìpù omi tó mọ́, kò sì pọn dandan.

Wàyí o, bó bá ṣe bí ẹni tó fẹ́ bà jẹ́ ńkọ́? Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé fírísà ń dì dáadáa, ṣùgbọ́n apá kejì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn atúnṣe kan á kàn ní, “Ìyá, gáàsì ti tán.” Gáàsì fíríìjì kì í tán bíi ti ìdáná, inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ń yí ká. Bó bá dín kù, ó ń jò ni, ẹni tó bá sì rọ tuntun sí i láìwá ibi tó ń jò, owó yín ló ń dà nù. Nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì yìí, fáànù ló ń fẹ́ òtútù láti fírísà lọ sí apá kejì gba ojú ihò kan. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rá ẹran tàbí oúnjẹ dí ihò náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí yìnyín ti bo ẹ̀yìn fírísà nínú lọ́hùn-ún. Ẹ kó oúnjẹ kúrò, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o. Bó bá tutù padà, tó sì tún dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún atúnṣe pé kó yẹ hítà tó ń yọ́ yìnyín àti fáànù wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni gáàsì R600a tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tuntun máa ń gbiná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná jó páìpù rẹ̀ nínú kíṣìnnì.

Bí ilẹ̀kùn kò bá pa mọ́ra, ẹ fi bébà há a, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi omi ọṣẹ fọ rọ́bà rẹ̀ kí ẹ tó rà á ní òmíràn. Bí ilẹ̀kùn kan bá ga ju èkejì lọ, ilẹ̀ ni kò tẹ́jú, ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, 4°C tàbí kó dín ni apá òtútù gbọ́dọ̀ wà, kí fírísà wà ní 18 sísàlẹ̀ òdo. Bí iná bá lọ, tí ẹ kò sì ṣí i, apá òtútù lè mú un fún bíi wákàtí 4, fírísà tó kún lè tó wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì 24. Nínú ooru tiwa, ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀. Ẹran, ẹja, wàrà àti ọbẹ̀ tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù. Ẹ má tọ́ ọ wò, nítorí kòkòrò àrùn kì í yí adùn padà nígbà gbogbo.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń lo ínsúlíìnì nítorí àtọ̀gbẹ, èyí tí ẹ kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C. Ẹ má gbé e sẹ́nu ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì, ẹ má sì gbé e síwájú ihò tí òtútù ń gbà wọlé, nítorí ibẹ̀ lè mú un dì. Pẹpẹ àárín ló dára jù. Bó bá dì lẹ́ẹ̀kan péré, kò ṣeé lò mọ́, kódà bó bá yọ́ padà.