Ẹ Tètè Sanwó Ajá

Ọ̀sán gan-an ni mo dé etíkun Sylvan Beach ní La Porte, lẹ́bàá Houston. Oòrùn ń ta mọ́ni lórí, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́ wá láti Galveston Bay, òórùn kẹ́míkà àwọn ilé-iṣẹ́ etí omi sì ń bá a rìn wọ́rọ́wọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òkun tó ru kọ̀ńténà gègèrè ń wọ́ kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, ó forí lé èbúté Barbours Cut. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ni mo tẹ̀ lé. Nọ́ọ̀sì ni. Ó mú ajá rẹ̀ wá kọ́ṣẹ́.

Lórí koríko, àwọn ajá ń gbó, wọ́n ń mí hẹlẹ. Olówó ajá kọ̀ọ̀kan so àpò adìẹ bíbọ̀ mọ́ ìdí, òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí imú ajá sinmi. Obìnrin òyìnbó tó ń kọ́ wọn mú nǹkan oníke kékeré kan dání, tó ń dún "kẹ́!" bó bá ti tẹ̀ ẹ́. Ajá rẹ̀ jókòó. Kẹ́! Ẹran dé.

Ó kan ọ̀rẹ́ mi. Ó pàṣẹ, ajá fìdí lélẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ló fi wé ẹran tirẹ̀, kò tètè tú. Kó tó rí i yọ, ajá ti dìde, ó ti gbé ẹsẹ̀ iwájú lé e nítan. Ibẹ̀ ni ẹran bá a. Nígbà tó yá, ajá kò jókòó mọ́ rárá. Fífò ló ń fò mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? Olóríkunkun ni!"

Olùkọ́ sún mọ́ wa. "Ajá yìí gbọ́ràn," ó ní. "Fífò lẹ ń sanwó rẹ̀ fún."

Àwọn onímọ̀ ti rí irú èyí tipẹ́. Ní 1948, G. R. Grice kọ́ àwọn eku funfun láti mọ ọ̀nà dúdú yàtọ̀ sí funfun. Èyí tó rí oúnjẹ lójú ẹsẹ̀ tètè mọ̀ ọ́n. Èyí tí oúnjẹ rẹ̀ fi ìṣẹ́jú-àáyá 5 pẹ́ gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà kó tó mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn ti ìṣẹ́jú-àáyá 10, àwọn kan kò mọ̀ ọ́n títí. Lọ́dún kan náà, B. F. Skinner ròyìn ẹyẹlé tí ebi ń pa, tí oúnjẹ ń dé bá ní ìṣẹ́jú-àáyá 15 síra, ohun yòówù kí wọ́n máa ṣe. Èyí tí oúnjẹ bá níbi tó ti ń yí po kò yé yí mọ́.

Ìdí tí "kẹ́" fi wúlò nìyẹn: ó ń fi ohun tí ẹranko ṣe hàn án lójú ẹsẹ̀, ẹran lè tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjọ APOPO ń ṣe ní Morogoro, ní Tanzania, fún òkété, irú èyí tí à ń fi ata sè nílé. "Kẹ́," kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dé. Òkété wá dẹni tó ń fi imú wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ju ọ̀rá nù, ó gba nǹkan oníke náà. Ìdí ajá kan koríko. Kẹ́! Ẹran dé. Kò pẹ́ tó fi jókòó láìfò mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá nílé, ẹ wo ọwọ́ yín ná, kẹ́ ẹ tó na ajá.