Kóró Àgbáyun Kì í Ṣe Ẹ̀gúsí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbìn Ín Sínú Ìkòkò ní Ìlú Òtútù

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń tajà gbé ọ̀rọ̀ kan wá síwájú ìgbìmọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ló ránṣẹ́ sí i pé àwọn kan níbi iṣẹ́ òun fẹ́ gbin àgbáyun sínú ìkòkò nínú ilé wọn. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n fi ránṣẹ́. Ìyá ra àgbáyun tó pọ́n dáadáa, ó fọ ara rẹ̀ kúrò, ó sá kóró rẹ̀ sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin bí a ti ń sá ẹ̀gúsí, ó dì í, ó fi rán ẹni tó ń lọ. Àádọ́ta kóró ni. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó hù. Àwọn tó sanwó ní kí wọ́n dá owó àwọn padà, pé bóyá wọ́n ti sè é kí àwọn má baà rí i gbìn. Ìyá ní òun kò se nǹkan kan, pé àwọn ni kò mọ iṣẹ́ oko. Ọmọ wà láàárín, ojú ń tì í.

Ìgbìmọ̀ ní kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a rí nìyí. Ìyá náà yọ̀ǹda pé kí a kọ ọ́ láìdárúkọ òun, kí ẹlòmíràn má baà kó sínú irú rẹ̀.

KÍ NI WỌ́N FẸ́ FI ÀGBÁYUN ṢE?

Gbogbo wa la mọ èso pupa kékeré yìí láti ìgbà èwe. Bí a bá jẹ ẹ́ tán, tí a mu gaàrí kíkan tàbí tí a lá ọsàn wẹ́wẹ́, adùn ni yóò máa dùn. Ní nǹkan bí ọdún 1725, ará Faransé kan tó ń jẹ́ des Marchais kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ tó kan. Ní ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà jáde nínú rẹ̀, wọ́n pè é ní miraculin. Ohun yìí fúnra rẹ̀ kò dùn. Ara ahọ́n níbi tí a fi ń mọ adùn ni ó ń lẹ̀ mọ́, bí ohun kíkan bá sì kàn án, ahọ́n a gbà pé ṣúgà ni. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Iná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, nítorí náà kò ṣe é sè. Ẹ sì rántí pé ahọ́n nìkan ni ó ń tàn, kò lè tan inú: ẹni tó bá mu ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́wàá nítorí pé ó dùn, inú rẹ̀ yóò sọ fún un.

Nítorí ìyanu yìí ni àwọn ará òkè òkun ṣe ń fẹ́ igi rẹ̀. Àgbáyun tútù kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré ni. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù ní ìlú òtútù, àfi kó ní igi tirẹ̀ nílé.

KÍ LÓ PA KÓRÓ NÁÀ?

Irú kóró méjì ló wà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbẹ, ńṣe ni wọ́n sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gúsí, àgbàdo, ẹ̀wà àti ata. Ẹ lè tọ́jú wọn di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn kejì, bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n kú nìyẹn. Ẹ̀yin olóbì mọ ohun tí à ń wí: ewé tútù lẹ fi ń di obì nínú apẹ̀rẹ̀, kó má baà gbẹ. Ẹ̀yin olóko kòkó náà mọ̀ ọ́n: ta ni ó gbin kòkó gbígbẹ tó kúrò lórí òṣùwọ̀n rí, tí ó hù?

Ẹgbẹ́ obì àti kòkó ni àgbáyun wà. Kóró tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí a sì gbìn lójú ẹsẹ̀, máa ń hù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Èyí tí a sá sóòrùn ti kú kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nítorí náà, ìyá kò sè é, àwọn ará London náà kò sì ṣe é níṣekúṣe. Oòrùn ló pa á.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀ NÍ ÌLÚ ÒTÚTÙ

Èkíní ni ìkòkò. Ní ìgbà òtútù wọn, omi ń di yìnyín níta. Ọyẹ́ wa kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí yìnyín bá kan àgbáyun, ó parí. Nínú ìkòkò ni wọ́n ń gbìn ín kí wọ́n lè gbé e síta nígbà ooru, kí wọ́n sì tún gbé e wọlé kí òtútù tó dé. Wọn kì í jẹ́ kí ibi tó wà tutù ju dígírì 10 lọ sísàlẹ̀. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ ní ihò nídìí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi ìkòkò ńlá pààrọ̀ kékeré, nítorí omi máa ń dúró pẹ́ nínú ìkòkò tó tóbi ju gbòǹgbò lọ, yóò sì jẹ gbòǹgbò náà rà.

Èkejì ni ilẹ̀ àti omi. Ilẹ̀ tó kan ni àgbáyun fẹ́, láàárín 4.5 àti 5.8 lórí òṣùwọ̀n pH. Omi ẹ̀rọ London sì ní ohun funfun bí ẹfun nínú, irú èyí tí í lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùrù. Bí wọ́n bá ń bu omi yẹn sí i lójoojúmọ́, kíkan ilẹ̀ yóò lọ, ewé yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Omi òjò ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń gbè sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Nígbà Kérésìmesì, ọ̀sán kò tó wákàtí 8 ní London. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, àwọn mìíràn a tan iná mànàmáná fún un. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ilé móoru sì máa ń gbẹ afẹ́fẹ́, etí ewé a máa jó. Wọ́n ń gbé ìkòkò náà lé orí òkúta wẹ́wẹ́ nínú àwo omi, kí ooru omi máa rọ̀ ọ́ lára.

Ẹ̀kẹrin ni sùúrù. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni kó tó so.

OHUN TÓ KÀN WÁ

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin oníṣòwò. Kì í ṣe kóró gbígbẹ ni ọ̀nà òwò yìí. Bí ó bá sì jẹ́ tútù lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, òfin wà níbẹ̀. Ohun ọ̀gbìn tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn, ọwọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NAQS la ti ń gbà á. Ẹni tó bá dì í mọ́ àárín aṣọ nínú àpótí ń wá wàhálà fún ẹni tó rán. Ẹ má sì rò pé àwa nìkan la ní in: ní Fúlórídà ní Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù kò ti pọ̀, àwọn olóko ń gbin igi rẹ̀ tà. Ní ọdún 2021, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fàyè gba èso rẹ̀ tí a gbẹ dáadáa nínú oúnjẹ àfikún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn, kì í ṣe ti orí páànù.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni ká gbìn ín níhìn-ín. A kò nílò hítà, a kò nílò àwo omi. Nígbà tí a bá ń ṣán oko ẹ̀gẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dá èyí tí ẹ bá rí sí. Bí ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ gbin kóró rẹ̀ lọ́jọ́ náà sínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ ibòji. Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gi ń náání èèpo igi.

Ní ti ìyá wa, ìgbìmọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dá owó náà padà, ó sì gbà. Ẹgbẹ́ yá a lówó náà, yóò máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní àwọn ará ibi iṣẹ́ òun ti gba owó wọn, wọ́n sì ń kí ìyá. Bí orúkọ bá bàjẹ́ lọ́jà, a kò rí owó tí a lè fi rà á padà.