Rọ́bà tí òtútù mú, àti ẹnjiníà tí wọn ò fẹ́ gbọ́ tirẹ̀

Òfófó ò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ẹ ti gbọ́ òwe yẹn rí. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fẹ́ yí i padà ní December 2016: wọ́n ní ẹni tó bá tú àṣírí owó ìlú tí wọ́n jí kó lè gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá rí gbà padà. Ṣùgbọ́n Roger Boisjoly, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ọpẹ́ gan-an ò kàn án níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló sì sọ. Ọ̀rọ̀ rọ́bà ni.

Ṣé ẹ mọ rọ́bà róbótó tó máa ń wà nínú ìdérí ìkòkò pressure? Tí rọ́bà yẹn bá ti le, ooru á máa rú jáde. Irú iṣẹ́ yẹn náà ni rọ́bà ń ṣe nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá méjì tó ń gbé Challenger, ọkọ̀ òfurufú NASA, gòkè. Iléeṣẹ́ Morton Thiokol ní Utah ló ń ṣe wọ́n ní ègé-ègé, wọ́n á fi rélùwéè kó wọn lọ sí Florida, wọ́n á wá tò wọ́n léra níbẹ̀. Níbi tí ègé kan ti pàdé èkejì, òrùka rọ́bà méjì ló wà níbẹ̀, tó nípọn bíi mìlímítà 7 péré. Tí iná bá ràn nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, ojú oríkèé yẹn á là díẹ̀, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ sáré dí àlàfo náà kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé. Rọ́bà tí òtútù bá mú máa ń le, ó sì máa ń lọ́ra.

Boisjoly ti rí i. Ní January 1985, ọkọ̀ kan gbéra nígbà tí rọ́bà tutù dé nǹkan bíi 12°C. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà nínú òkun, èéfín dúdú ti kọjá òrùka àkọ́kọ́. Ní July ọdún yẹn, ó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé tí wọn ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, ẹ̀mí èèyàn lè lọ sí i.

Alẹ́ 27 January 1986 wá dé. Wọ́n ní òtútù máa mú gan-an ní Florida láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn ẹnjiníà Thiokol sọ fún NASA lórí fóònù pé kí wọ́n má gbéra tí ó bá tutù ju 12°C lọ. Inú NASA ò dùn. Thiokol ní kí wọ́n fún àwọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó di bí ọgbọ̀n. Ọ̀gá àgbà kan wá ní kí olórí àwọn ẹnjiníà bọ́ fìlà ẹnjiníà, kó dé ti máníjà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí rèé. Ohun tí ẹnjiníà máa ń ní láti fi hàn ni pé nǹkan ò ní wu ẹnikẹ́ni léwu. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí wọ́n fi hàn pé ó dájú pé ó máa bàjẹ́. Ta ló lè ṣe ìyẹn? Allan McDonald, aṣojú Thiokol ní Florida, kọ̀ láti fọwọ́ síwèé. Ọ̀gá kan fọwọ́ sí i láti Utah.

Láàárọ̀, òtútù wà ní 2°C. Boisjoly ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, ẹnì kan níbi iṣẹ́ sọ fún un pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tán ni. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 73, Challenger fọ́ yángá lójú ọ̀run. Èèyàn méje tó wà nínú rẹ̀ kú.

Níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, ẹnu NASA ò kọ́kọ́ là lórí àríyànjiyàn alẹ́ yẹn. McDonald ló dìde látẹ̀yìn, tó sọ ọ́. Boisjoly kó àwọn ìwé tó ti kọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ojú olófòófó ni wọ́n fi ń wò wọ́n níbi iṣẹ́. Wọ́n já McDonald kúrò nípò, àfi ìgbà tí àwọn aṣòfin fa ìbínú yọ kí wọ́n tó dá a padà, tí wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn tó tún oríkèé náà ṣe: wọ́n fi òrùka kẹta kún un, àti ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná. Ọkọ̀ tún gbéra ní 29 September 1988.

Boisjoly ò sí níbẹ̀ mọ́. Oorun ò kun ojú rẹ̀, orí ń fọ́ ọ, ó sì fi Thiokol sílẹ̀. Yunifásítì ló ń lọ láti ìlú dé ìlú, tó ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn.