Tìmáàtì Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Àkìtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ní agboolé wa n'Ìbàdàn, àkìtàn ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá àgbà kò kọ nǹkan kan lóòótọ́: èèpo iṣu, eérú ààrò, omi tí wọ́n fi fọ ẹran, egungun ẹja, àti tìmáàtì tó ti rà jù fún ọlọ. Bí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń rí níbẹ̀ ni ewé wẹ́wẹ́ méjì-méjì lórí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó nírun bí ẹsẹ̀ eṣinṣin. Ìyá àgbà á ní ká má tẹ̀ ẹ́, lálẹ̀hù ti dé. Ẹnikẹ́ni ò gbìn ín. Títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo gbà pé bí tìmáàtì ṣe ń wáyé nìyẹn: a dà á nù, ó padà wá.

Àjèjì ni, orúkọ rẹ̀ sì tú u fó. Inú tomatl, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ Nahuatl ní Mẹ́síkò, ni àwọn ará Sípéènì ti rí orúkọ tí wọ́n gbé kọjá òkun, ó sì ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa tí a ń pè é ní tìmáàtì, tòmáàtì, tòmátò, bí ẹnu kálukú bá ṣe mọ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà ni àgbàdo ti wá, ata náà, pákí náà, ìbẹ́pẹ náà. Àwọn yẹn, a sọ wọ́n lórúkọ. Àgbàdo wọ inú òwe, ó wọ inú ẹsẹ Ifá. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọfọ̀ tìmáàtì rí? Tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀, ó ní òun kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Rinrin ní tirẹ̀, òdúndún ní tirẹ̀. Tìmáàtì pẹ́ dé, ó bá àga tó kún. Gbogbo èèwọ̀ tí mo mọ̀ tí a fi dè é, mo rò pé a yá a lọ́wọ́ ata àti ìkàn ni.

Ìrísí rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: igi rẹ̀ rọ̀, kò lè dá dúró bí èso bá wúwo lórí rẹ̀, òdòdó rẹ̀ kéékèèké, àwọ̀ pupa ẹyin. Òórùn ewé rẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á lára, ìka yín á lẹ̀ díẹ̀, á di àwọ̀ ewé, á wá dúdú. Bí ẹ bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ìfófòó ọṣẹ náà gan-an á pupa rúsúrúsú. Ìyá àgbà ní ewé tó bá ń kun ènìyàn lọ́wọ́ báyìí kì í ṣe ẹ̀fọ́, kò sì jẹ́ ká já a fún ewúrẹ́. Ó tọ̀nà. Ọmọ ìyá ìkàn, ata, odù àti tábà ni, oró díẹ̀ sì wà nínú ewé rẹ̀. Òyìnbó pàápàá bẹ̀rù rẹ̀ pẹ́. Ẹwà ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń gbìn ín fún, orúkọ Látìnì tí wọ́n sì fún un, Lycopersicon, ó ti ìkookò wá. (Ní 1893, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà jókòó lórí bóyá èso ni tàbí ẹ̀fọ́, nítorí owó ibodè. Wọ́n dájọ́ pé ẹ̀fọ́ ni. Ìyá aláta ní Bódìjà ì bá ti sọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ pé ata ni.)

Èèwọ̀ rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni pé a kì í na ìka sí èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Elégédé kékeré tí a bá na ìka sí á rẹ̀ dànù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa, ìyá àgbà sì mú tìmáàtì mọ́ ọn. Ìkúùkù la fi ń júwe rẹ̀, tàbí ká fi ètè nà án. Ẹni tó bá gbàgbé á bu ìka rẹ̀ jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ẹni tó ṣòfin yìí mọ ọmọdé dáadáa: ọmọ tó bá na ìka á fọwọ́ kàn án, èyí tó bá fọwọ́ kàn án á tẹ̀ ẹ́ wò. Ti àgbàlagbà, ààlè ni. Ìkarahun ìgbín, àkísà pupa, àjákù bàtà, wọ́n á so wọ́n mọ́ ọ̀pá tí tìmáàtì fẹ̀yìn tì, olè á sì yà. Ewúrẹ́ nìkan ni ààlè kì í mú.

Bàbá àgbà kì í fọwọ́ kan tìmáàtì. Òfin ìyàwó rẹ̀ ni. Aṣáà ni bàbá ń fín, ìyá àgbà sì ní aṣáà ti mú ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí: ẹnìkan á sọ kóró sílẹ̀ lásán, á hù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ tutù, ẹlòmíràn á ro ilẹ̀, á bu omi, nǹkan kan ò ní yọ. Bàbá kì í jiyàn, á kàn gbé àpótí rẹ̀ jìnnà sí àkìtàn. Lẹ́yìn tó ti kú tipẹ́ ni mo kà á nínú ìwé pé fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń ṣe tábà, tó lè wà nínú tábà gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ amusìgá àti afínṣáà ló máa ń gbé e dé ara tìmáàtì. Ewé á tutù níbí, á ràndánràndán lọ́hùn-ún, á sì ká jọ. Àánú bàbá ṣe mí. Ó kú láìmọ̀ pé kì í ṣe pé wọ́n kàn fojú di òun.

Èyí tí n kò gbà, tí n kò sì ní gbà láé, ni pé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Bí tìmáàtì bá rọ lọ́sàn-án gangan tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọ́n á ní ẹnìkan ti dé ibẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí dójú ti ọmọdébìnrin kan láàárín agboolé, inú ṣì ń bí mi títí dòní. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ gé igi tó rọ náà nítòsí ilẹ̀, ẹ gbé ojú ibi tí ẹ gé bọ omi tó mọ́ nínú ife dígí, kí ẹ má mì ín. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan funfun bí èéfín, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, á máa sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọgbẹ́ náà. Bakitéríà ni. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, òun náà ló ń pa ìkàn àti ata, nítorí náà ẹ má gbin ọ̀kan síbi tí èkejì ti kú. Ọmọdébìnrin yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Láàárọ̀, bí òdòdó bá ti là, ìyá àgbà á mú ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan, á fi lu igi náà jẹ́jẹ́, pó, pó, á ní, "Ṣé o ò ní so ni? Ṣé bí mo ṣe ń bu omi fún ọ lásán nìyẹn?" A máa ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ akọ àtabo ló wà nínú òdòdó tìmáàtì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n inú ihò tóóró ni ìyẹ̀fun akọ wà, bí iyọ̀ nínú ìgò, àfi kí nǹkan mì ín kó tó dà. Lóko, atẹ́gùn àti àwọn oyin kan ló ń ṣe é. Ní bákónì mi ní Èkó, níbi tí atẹ́gùn ò ti ráyè wọlé, burọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ni mo fi ń gbọ̀n ọ́n, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ bíi ti ìyá àgbà bí ẹnikẹ́ni ò bá sí nítòsí. Ooru òru nìkan ni ìgbálẹ̀ ò lè ràn lọ́wọ́; bí òru bá móoru jù, òdòdó á já bọ́. Ìdí nìyẹn tí ìgbà ọyẹ́ fi dára fún un, tí àwọn ará òkè Ọya sì ń bomi rin ín nígbà náà ní Kánò àti Kàtsínà tí ọjà wa fi ń kún.

Tìmáàtì tí wọ́n ń kó wá yẹn, tí a ń pè ní tìmáàtì Hausa, ó gùn, awọ rẹ̀ le, ó lè gun ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ti Yorùbá pẹlẹbẹ, ó lápá bí elégédé, omi rẹ̀ pọ̀, ó sì kan. Àwọn alásè ń sá fún un. Èmi, òun ni mo ń gbìn, nítorí ó mọ òjò wa. Ní 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tìmáàtì ní Kàdúná, tí àwọn ènìyàn ń pè é ní Ebola tìmáàtì, tí apẹ̀rẹ̀ kan di ohun tí a ń wò lókèèrè, ni mo ra ike pẹ́ńtì méjì, mo fi irin gbígbóná lu ìdí wọn. Ẹ fún kóró tìmáàtì tó pọ́n dáadáa sínú ife pẹ̀lú omi rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí awọ yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ á fi bọ́, ẹ ṣàn án, ẹ sá a lórí àwo níbi òjìji. Lórí bébà, á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín, á yọrí. Nígbà tí ẹ bá ń ṣí i lọ sínú ike, ẹ rì í dé ọrùn. Irun ara igi yẹn, gbòǹgbò lè yọ láàárín wọn. Ilẹ̀ àkìtàn ni kí ẹ lò. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó o. Ẹ má sì ka iye rẹ̀ fún aládùúgbò: ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó pè é ní igba, ẹ mọ ohun tó máa jẹ kù.

Ti oògùn ló wá kù. Bí ẹ bá béèrè ohun tí tìmáàtì ń wò, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Abiyamọ, ẹni tí ibà fà gbẹ, wọ́n á po tìmáàtì alágolo mọ́ mílíìkì àti mọ́ọ̀tì, wọ́n á ní kó gbé e mì. Kí nìdí? Ó pupa. Ìdí kan náà ló gbé póròpórò ọkà bàbà dé igbá ẹlẹ́wé ọmọ, tí omi rẹ̀ fi ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nínú ìkòkò, tó sì sọ omi ìṣápá di oògùn: ohun tó bá jọ nǹkan ni à ń fi wo nǹkan. Mo mu àpòpọ̀ yẹn lẹ́yìn ibà kan, ó dà bíi pé ẹnìkan da ọbẹ̀ sínú tíì, ilé ìyàgbẹ́ ni mo sùn mọ́jú. Irin inú tìmáàtì ò tó nǹkan. Fítámì C rẹ̀ ló wúlò, nítorí ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ sí ẹ̀fọ́ ṣọkọ ti ṣe ju ẹni tó da mọ́ọ̀tì sí i lọ. Epo náà kì í ṣe ohun tí à ń yàgò fún: èròjà tó mú un pupa, inú ọbẹ̀ tó jinná, tó lépo, ni ara ti ń rí i gbà jù. Àwọn ọmọge ń là á sí méjì, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bọ ṣúgà, wọ́n ń fi ra ojú nítorí iléròrò. Ojú á ta wọ́n, ìyẹn dá mi lójú. Wọ́n tún ń gé e lé ojú iná. Ẹ má ṣe é, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ojú iná sí. Èyí tí mo fọwọ́ sọ̀yà fún kò ju eérú lọ: ẹ bù ú wọ́n ewé láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà, kòkòrò á wá ibòmíràn lọ.

Lọ́dún yìí, ike méjì náà so méje. Omi ò yọ nílé wa fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà mo bu omi fún wọn bí ẹni ń ṣètùtù, ìdí méjì nínú wọn sì dúdú, ó rà. Mo mọ̀ pé àìríomi tó ṣe déédéé ni, tí kò jẹ́ kí kálísíọ́ọ̀mù dé ìdí èso. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, na ìka sí èyí tó kù, ó ń kà wọ́n. Mo ní kó bu ìka rẹ̀ jẹ. Ó béèrè ìdí rẹ̀, mo ṣe gbogbo àlàyé omi àti kálísíọ́ọ̀mù fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n bu ti ọwọ́ òsì náà jẹ?"

Mo ní kó bu gbogbo rẹ̀ jẹ.