Afẹ́fẹ́ Ni Awakọ̀ Wọn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rù kì í ba àgbàlagbà, ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Ọmọ mi obìnrin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ránṣẹ́ pè mí ní oṣù August, nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún bàlúùnù ńlá wọn. Èmi rò pé ìran lásán ni a fẹ́ lọ wò. N kò mọ̀ pé ó ti san owó àyè kan sílẹ̀ fún mi nínú ọ̀kan nínú àwọn bàlúùnù náà, àti pé iṣẹ́ òru ni ó fi kún iṣẹ́ rẹ̀ kí owó náà tó pé.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé pé afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè, ẹ ó fi ara yín rí i wàyí."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo dúpẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí ní òru ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ òfuurufú tí àwa ń pè ní bàálù, ó jọ pé ara bàlúùnù yìí ni ó ti yá orúkọ, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò jọ ara wọn rárá. Bàlúùnù kò ní ìyẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní ohun tí a fi ń tọ́ ọ. Àpò aṣọ ńlá ni, tí ó ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ, tí a so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ní abẹ́. Apẹ̀rẹ̀ ni mo wí o! Bí èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń kó tòmátì wá láti Òkè Ọya, àfi pé ó tóbi, ó sì nípọn. Inú rẹ̀ ni ènìyàn yóò dúró sí. Ní ọdún 1783, nígbà tí àwọn ará ilé Montgolfier ní ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ fi ohun ẹlẹ́mìí sínú irú rẹ̀, àgùntàn kan, pẹ́pẹ́yẹ kan àti àkùkọ kan ni wọ́n rán lọ. Wọn kò bi wọ́n léèrè.

Pápá Ashton Court ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Bristol láti ọdún 1979. A dé ibẹ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, èmi, ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Èrò pọ̀ bí omi. Bí ẹ bá rí iye tí wọ́n ń ta omi inú ike kan níbẹ̀, ẹ ó sọ pé kí àwọn ọmọ wa tí ń kiri omi ní gáréèjì wá kọ́lé sí Bristol.

Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ àti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń fò, nítorí pé ní ọ̀sán òòrùn a máa mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ a sì máa rú sókè lójijì. Ìyá òyìnbó kan ni yóò wa tiwa. Ó ṣàlàyé fún mi pé fáànù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò náà nígbà tí ó bá ṣì wà nílẹ̀, kí wọ́n tó fi iná gáàsì mú un gbóná tí yóò fi dìde. Mo bi í bí ó ṣe ń yà sí ọ̀tún tàbí òsì. Ó ní òun kì í yà. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ òkè ń gbà lè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Òun kàn ń gòkè, òun ń sọ̀kalẹ̀, títí òun yóò fi rí èyí tí ó ń lọ sí ibi tí òun fẹ́. Afẹ́fẹ́ ni awakọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó jọ̀wọ́ fèrè dúdú kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ ní ọjọ́ ìbí, ó sì gbójú sókè tẹ̀ lé e. Fèrè náà kò gòkè tààrà. Ó fẹ̀gbẹ́ lọ, ó sáré kọjá lórí igi, a kò sì rí i mọ́. Ìyá náà mi orí. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi kéde pé kò sí ẹni tí yóò fò ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí afẹ́fẹ́ le. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú ọmọ mi, tí mo rántí iṣẹ́ òru tí ó ṣe, inú mi bàjẹ́ bí ẹni pé èmi ni mo rán afẹ́fẹ́ náà níṣẹ́. Àwọn kan tí ó wà nítòsí ń kùn. Ìyá òyìnbó náà kò bá wọn jà. Ó sọ fún mi pé gígòkè kò le. Sísọ̀kalẹ̀ ni iṣẹ́, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá le, yóò máa wọ́ apẹ̀rẹ̀ àti èrò inú rẹ̀ nílẹ̀, yóò sì lè gbé wọn kọlu wáyà iná. Ó ní wọn yóò fún wa ní ọjọ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi yóò padà sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Tuesday.

Nígbà tí òòrùn wọ̀, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fò nísinsìnyí!" Mo sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú, wọn kì yóò rí ibi tí wọn yóò sọ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ náà gbé àpò wọn dìde, wọ́n so ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì tò ó lọ bẹẹrẹ káàkiri pápá. Bí orin bá ti dún, èyí a tan iná, èyí a pa á, gbogbo wọn a tún tàn lẹ́ẹ̀kan náà: pupa, ofeefee, aró, bí àtùpà tí òmìrán gbé kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Ariwo iná náà ń hó gèè, ooru rẹ̀ sì kàn mí ní ojú ní ibi tí mo dúró sí. Ọmọ náà gun èjìká mi. Mo gbàgbé ìrora ẹ̀yìn mi.

Bí a ti ń lọ sílé, ọmọ mi bi mí pé, "Bàbá, ẹ̀rù bà yín, àbí kò bà yín?"

Mo ní ó bà mí. Ó bú sí ẹ̀rín, ó ní òun mọ̀ láti àná, nítorí pé òun gbọ́ bí mo ṣe ń rìn nínú yàrá ní òru. A rìn díẹ̀ sí i. Nígbà náà ni mo bi í bóyá ìwé tí ó rà yẹn yóò ṣì dára ní ọdún tí ń bọ̀.